Ọ̀rinrin Tí Ń Gun Ògiri Ilé Wa

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí òjò oṣù Júùnù bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìpájà, ẹjọ́ kan náà ni àwọn tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ máa ń gbé wá bá wa. Ògiri ń làágùn. Aṣọ inú àpótí ti bu bí búrẹ́dì tó pẹ́. Ọmọ ń wúkọ́ mọ́jú, bàbá rẹ̀ tó ti iṣẹ́ òru dé kò sì rí oorun sùn. Bí wọ́n bá sọ fún onílé, ọ̀dà ni yóò rà wá kùn ún. Tó bá di ọdún kejì, ó ti fi owó lé owó ilé.

Àwa ń sọ ọ́ gbangba pé ọ̀dà kì í wo ògiri tó ń mu omi sàn. Ilẹ̀ ni omi náà ti ń wá. Búlọ́ọ̀kù ń fà á mu bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì, ó sì lè gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3. Ibi tí ọ̀dà ti ń ṣí, tí ohun funfun bí iyọ̀ ń yọ jáde, ibẹ̀ ni omi gùn dé. Ẹni tó bá lẹ táìsì mọ́ ọn, ńṣe ló ń lé omi sókè sí i.

Ilé Ìpájà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Abẹ́sàn tí ìjọba Lateef Jakande kọ́, àti Ṣàgàrí Estate ti ìjọba àpapọ̀, láti àsìkò 1979 sí 1983 ni. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń da yanrìn sí òpópónà, títí ilẹ̀ ìta fi ga ju ilẹ̀ yàrá lọ níbòmíràn.

Nígbà ìpìlẹ̀, ọ̀rá tó nípọn ló yẹ kí bíríkìlà tẹ́ kó tó da jámánì fulọ́ọ̀, kí ọ̀rá náà sì gba abẹ́ ògiri kọjá. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ní àyè kótópó lábẹ́ pákó ilẹ̀, irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ sórí erùpẹ̀ ibẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lára owó ilé, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó alájẹṣẹ́kù kọ́lé lọ́nà Ayọ̀bọ̀, ẹ dúró ti bíríkìlà lọ́jọ́ náà. Ẹ má rán ọmọdé.

Fún ilé tó ti wà nílẹ̀, ẹ kó erùpẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri títí ilẹ̀ ìta yóò fi fi ínǹṣì 6 rẹlẹ̀ sí ti yàrá. Ẹ la gọ́tà, kí omi òrùlé má dà sẹ́sẹ̀ ògiri mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n ha sìmẹ́ńtì tó ti níyọ̀ kúrò, kí ògiri gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n tó tún un rẹ́. Èyí kò ní mú omi náà tán, ṣùgbọ́n yóò dín in kù gan-an.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé tó ń rin tó sì ń bu ń fi kún ikọ́ fée àti àrùn èémí. Òfin ilé-gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sì gbé àtúnṣe ìta ilé lé onílé lọ́wọ́, àfi bí ìwé àdéhùn bá wí òmíràn. Gọ́tà àti ẹsẹ̀ ògiri, ìta ni wọ́n wà. Ẹ ka ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

A fẹ́ kí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀ fọwọ́ sí i pé kí alájẹṣẹ́kù máa yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó ọ̀rá àti gọ́tà, kí akọ̀wé sì máa bá àwọn ayálégbé kọ̀wé sí onílé ní orúkọ gbogbo ilé. Ẹni tó bá dá a kọ, wọn yóò lé e jáde. Àwọn onílé wà láàárín àwa náà, a sì mọ̀ yín. Ẹ wá sí ìpàdé náà pẹ̀lú.