Ibi Tí Ọkọ̀ Ti Ń Já Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rélùwéè ìṣeré rí. Kọ́ọ̀ṣì mẹ́wàá lè tò lẹ́yìn ẹ̀ńjìnnì, kí gbogbo wọn jókòó dáadáa lórí irin, síbẹ̀ kí ọkọ̀ náà já sí méjì kó tó yí tábìlì po. Ẹ̀ńjìnnì á máa sáré lọ, ìdajì ọkọ̀ á dúró sẹ́yìn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa tó wà lókè òkun ti ra irú rẹ̀ fún ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí wọ́n ń gbé ní Amẹ́ríkà náà ra tiwọn. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni iṣẹ́ ń jẹ́ kí wọ́n ráyè jókòó ti ọmọ wọn, rélùwéè yìí sì ni wọ́n jọ máa ń ṣe. Nígbà tí jíjá náà pọ̀ jù, ọmọ ní kí wọ́n kúkú kó o sínú páálí. Ẹ̀gbọ́n mi ní tiwọn ti ń wá owó ẹ̀ńjìnnì tuntun. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù, nítorí ẹ̀ńjìnnì kọ́ ló sábà máa ń fà á. Ìkọ́ tó so kọ́ọ̀ṣì pọ̀ ni ká wò.

Láyé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ rélùwéè ní láti dúró sáàárín kọ́ọ̀ṣì méjì kó tó lè fi irin so wọ́n. Ọ̀pọ̀ ló pàdánù ìka, àwọn mìíràn pàdánù ẹ̀mí. Ní 1873, Eli Janney gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ìkọ́ kan tó rí bí ìgbà tí èèyàn bá ká ìka ọwọ́ méjèèjì kọ́ra. Òfin ọdún 1893 sì sọ ìkọ́ tó ń so ara rẹ̀ di dandan. Irú ìkọ́ bẹ́ẹ̀ ló wà lára ọ̀pọ̀ rélùwéè ìṣeré ìwọ̀n HO ní Amẹ́ríkà lónìí, èyí tí ọkọ̀ gidi fi ìlọ́po 87 gùn jù. Bí ìka méjèèjì kò bá wà ní gíga kan náà, ọ̀kan á yọ̀ kúrò lára èkejì.

Nítorí náà, ẹ fún ọmọ ní ìwé àti bírò. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yí po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó máa kọ ojú ibi tó ti já àti kọ́ọ̀ṣì méjì tó pínyà.

Bó bá jẹ́ ojú kan náà ni onírúurú kọ́ọ̀ṣì ti ń já, irin ló lẹ́bi. Ẹ fi ìka ra oríkèé irin níbẹ̀. Bó bá ga tàbí tó bá jin, ìkọ́ kan á gbéra sókè nígbà tí èkejì ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹ fi páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ abẹ́ ibi tó jin. Ẹ tún wò ó bóyá òòfà tí wọ́n fi ń ṣí ìkọ́ wà lábẹ́ irin níbẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ibi tí ọkọ̀ ti ń dẹwọ́ eré.

Bó bá jẹ́ kọ́ọ̀ṣì kan náà ló ń já níbi gbogbo, òun ni inú ń run. Nínú ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ ewé kan ló ń fara hàn léraléra: síkúrù tó di ìkọ́ rẹ̀ mú ti dẹ̀, ìkọ́ náà sì dorí kodò. Wọ́n fún síkúrù náà, ó parí. Bí ìkọ́ kò bá dẹ̀, ẹ wo ìwúwo. Ìlànà ẹgbẹ́ National Model Railroad Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1935, ni pé kí kọ́ọ̀ṣì HO wọn áúnsì kan, kí a sì fi ìdajì áúnsì kún un fún ínǹṣì kọ̀ọ̀kan tó gùn. Kọ́ọ̀ṣì oní-ínǹṣì 6 á wọn áúnsì 4, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 113. Bí ìkọ́ bá ń há, ìyẹ̀fun graphite ni kí ẹ fi sí i. Òróró á kó eruku jọ.

Bó bá sì jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ló ń já, ọwọ́ awakọ̀ ló le jù. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn. Ẹ kó kọ́ọ̀ṣì tó wúwo ṣíwájú, kí fífúyẹ́ wà lẹ́yìn.

Ẹ má ṣe tún nǹkan méjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà o, kí ẹ lè mọ èyí tó wò ó sàn. Kí owó ẹ̀ńjìnnì tuntun tó jáde lápò, ẹ jẹ́ kí ìwé ọmọ kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.