Ṣé Mùsùlùmí Lè Ṣe Iṣẹ́ Aṣojú Ìjọba Láìparọ́?

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tó rán àwọn Òjíṣẹ́ Rẹ̀ sí aráyé. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.



Bí ọmọ kan bá sọ nínú ilé pé iṣẹ́ aṣojú ìjọba lókè òkun ni òun fẹ́ ṣe, èsì méjì ló sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní ipò olóṣèlú ni, pé ẹni tó bá ààrẹ polongo ìbò ni wọ́n ń fi í ta lọ́rẹ. Àwọn mìíràn, pàápàá nínú àwọn tó ń bẹ̀rù Ọlọ́hun, á ní iṣẹ́ irọ́ ni, iṣẹ́ ọtí àti àríyá ni, kò yẹ ọmọ Mùsùlùmí. Èsì àkọ́kọ́ ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀: àwọn kan wà tó wọ iṣẹ́ náà láti ìsàlẹ̀, tí wọ́n ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó di áńbásẹ́dọ̀. Èsì kejì ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí, nítorí ó lòdì sí ohun tí ìtàn ẹ̀sìn wa kọ́ wa.

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Ẹ fi òwe yìí sọ́kàn.

Ikọ̀ níwájú ọba Habasha

Ní nǹkan bí ọdún 615, nígbà tí ìnira àwọn Kuraiṣi pọ̀ lórí àwọn Mùsùlùmí ní Mẹ́kà, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí àwọn kan nínú wọn lọ sí Habasha, ní apá ibi tí Ethiopia wà lónìí, nítorí pé ọba ibẹ̀, An-Najaashi, kì í jẹ́ kí wọ́n ṣàbòsí sí ẹnikẹ́ni. Àwọn Kuraiṣi kò fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n rán ikọ̀ méjì tẹ̀lé wọn, Amru ọmọ Al-Aas àti Abdullah ọmọ Abi Rabiah. Ẹ wo bí àwọn méjèèjì ṣe mọ iṣẹ́ wọn tó. Awọ ni wọ́n kó lọ, nítorí wọ́n mọ̀ pé awọ Mẹ́kà wu àwọn ará ibẹ̀ púpọ̀. Wọn kò kọ́kọ́ lọ bá ọba rárá. Àwọn ìjòyè rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní ẹ̀bùn, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba ọba nímọ̀ràn láti dá àwọn àlejò náà padà láìgbọ́ tẹnu wọn.

Ọba kọ̀, ó ní òun gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu wọn. Jafar ọmọ Abi Talib ló gba ẹnu àwọn Mùsùlùmí sọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé bí ayé wọn ṣe rí tẹ́lẹ̀: òrìṣà ni wọ́n ń bọ, òkúǹbete ni wọ́n ń jẹ, alágbára ń jẹ aláìlágbára run. Ó wá sọ ohun tí Ànábì pè wọ́n sí: òdodo, pípa àmáánà mọ́, ṣíṣe dáadáa sí ẹbí àti aládùúgbò. Nígbà tí ọba ní kó ka díẹ̀ nínú ohun tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ Suratu Maryam ni Jafar kà. Kristẹni ni ọba náà. Ó sunkún. Ọgbọ́n nìyẹn: Jafar yan èyí tí yóò wọ olùgbọ́ rẹ̀ lọ́kàn, òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni ìdánwò gan-an dé. Amru padà lọ bá ọba, ó ní ọ̀rọ̀ ńlá kan wà tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń sọ nípa Ànábì Isa. Ó mọ ibi tí yóò ti dun ọba. Ìwọ tó ń ka èyí, fi ara rẹ sí ipò Jafar. Bí ọba bá bínú, Mẹ́kà ni wọ́n ń padà sí, ìyà sì ń dúró dè wọ́n níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin. Ọ̀rọ̀ dídùn kan tí kò kún tó lè gbà wọ́n. Wọ́n gbìmọ̀, wọ́n sì fẹnu kò pé ohun tí Ọlọ́hun sọ ni àwọn yóò sọ, ohun yòówù kó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Jafar sọ fún ọba pé ẹrú Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Isa, àti ọ̀rọ̀ Rẹ̀ tó sọ sí Maryam. Ọba mú igi kékeré kan nílẹ̀, ó ní ohun tí Jafar sọ kò fi ìwọ̀n igi náà kọjá ohun tí Isa jẹ́. Ó dá ẹ̀bùn àwọn Kuraiṣi padà.

Ẹ̀yin ará mi, Jafar bẹ̀rù Ẹni tó rán an, kò bẹ̀rù ẹni tó ń jẹ́ ẹ fún.

Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ kì í ṣe irọ́

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣìnà nìyí. Wọ́n rò pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, irọ́ ló ń pa. Nínú Suratu Taha, nígbà tí Ọlọ́hun rán Ànábì Musa àti Haruna sí Fíráónà, ọ̀rọ̀ rírọ̀ ló ní kí wọ́n bá a sọ. Ta ló burú ju Fíráónà lọ? Síbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ fún un kò dín rárá. Ohun tí Yorùbá ń sọ náà nìyẹn pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Iṣẹ́ aṣojú tún ní apá kejì tí àwọn ènìyàn kì í rántí: kí ó máa ròyìn ohun tó rí fún àwọn ará ilé. Àdéhùn Vienna ti ọdún 1961, tó de iṣẹ́ yìí kárí ayé, ka ìròyìn yìí mọ́ ojúṣe aṣojú. Ẹ ka Suratu Naml, ẹ óò rí ẹyẹ hudhud tó mú ìròyìn tó dájú wá láti Saba fún Ànábì Sulaiman. Sulaiman kò kàn gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn yóò wò ó bóyá òótọ́ ló sọ tàbí irọ́. Aṣojú tó bá ń kọ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ gbọ́ sílé ti da àmáánà.

Ẹ̀bùn, ipò àti àdéhùn

Nígbà tí Ànábì rán Uthman ọmọ Affan lọ sí Mẹ́kà ní àsìkò Hudaibiyah, ọdún 628, àwọn Kuraiṣi ní kó yí Kaaba po bó bá wù ú. Ẹ ronú nípa ẹni tí kò rí Kaaba fún ọdún mẹ́fà! Uthman ní òun kò ní ṣe é títí Ànábì yóò fi ṣe é. Kò lo iṣẹ́ tí wọ́n rán an láti gba àǹfààní ara rẹ̀. Bákan náà, nígbà tí ọkùnrin kan tí Ànábì rán lọ gba sàká padà dé, tó ní apá kan ti ìjọ ni, apá kejì jẹ́ ẹ̀bùn tí wọ́n fún òun, Ànábì bínú, ó sì béèrè bóyá wọn ì bá fún un ká ní ilé bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ló jókòó sí. Kí gbogbo ẹni tó di ipò mú bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí.

Ẹ̀sìn wa bọ̀wọ̀ fún ikọ̀, kódà ikọ̀ ọ̀tá. Àwọn tí Musailimah òpùrọ́ rán wá sọ ọ̀rọ̀ kèfèrí níwájú Ànábì, ó sì jẹ́ kó yé wọn pé nítorí a kì í pa ikọ̀ ni òun fi dá wọn sí. Abu Rafi tí àwọn Kuraiṣi rán wá fẹ́ gba Ìsìláàmù lójú ẹsẹ̀, kó má padà mọ́. Ànábì ní òun kì í da àdéhùn, òun kì í sì í dá ikọ̀ dúró. Ó ní kó padà lọ ná; bí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, kó máa bọ̀. Ó lọ, ó sì padà wá gba Ìsìláàmù.

Bí ẹni tó ránni bá ń ṣìkà ńkọ́?

Ìbéèrè tó le jù nìyí, n kò sì ní fò ó. Ní ọdún 1994, nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Tutsi ní Rwanda, aṣojú Rwanda fúnra rẹ̀ wà lórí àga nínú Ìgbìmọ̀ Aláàbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó ń sọ̀rọ̀ fún ìjọba tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pànìyàn. Nàìjíríà náà wà níbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ibrahim Gambari, ọmọ bíbí Ìlọrin, ni aṣojú wa. Ní ọjọ́ 21 oṣù April, gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ náà, tiwa pẹ̀lú, dìbò láti dín àwọn ọmọ ogun àlàáfíà tó wà níbẹ̀ kù sí 270. Láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́, àwọn tó kú tó 800,000. Gambari sọ ní gbangba lẹ́yìn náà pé Ìgbìmọ̀ náà já àwọn ará Rwanda kulẹ̀.

Ẹ rí i bí ọwọ́ tí ènìyàn nà sókè nínú yàrá kan ṣe wúwo tó. Èrò mi ni pé ìwúwo yìí gan-an ló fi yẹ kí ẹni tó gbàgbọ́ pé Ọlọ́hun yóò bi òun léèrè wà níbẹ̀. Àmọ́ kó mọ ààlà rẹ̀ kó tó wọlé: kò sí ìgbọràn sí ẹ̀dá níbi ìṣẹ̀ Ẹlẹ́dàá. Bí wọ́n bá rán an láti bo ìpànìyàn mọ́lẹ̀, kó gbé ipò sílẹ̀. Ẹni tí kò bá lè fi ipò sílẹ̀, kó má gbà á.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe

Ìwọ ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ yìí wù, kọ́ èdè. Ànábì ní kí Zaid ọmọ Thabit kọ́ ìwé àwọn Júù, kò sì pé oṣù kan tó fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n sọ fún Ànábì pé àwọn Róòmù kì í ka ìwé tí kò ní èdìdì, ó ṣe òrùka fàdákà tó fi ń tẹ̀ ẹ́. Mímọ àṣà ẹni tí a ń kọ̀wé sí kì í ṣe àṣerégèé. Lárúbáwá tí o ń kọ́ ní ilé kéwú wà lára èdè mẹ́fà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń lò, má fojú kéré rẹ̀. Fi Faransé kún un, nítorí òun ni wọ́n ń lò ní Benin, Niger àti Chad tó bá wa pààlà.

Ẹ̀yin òbí, bí ó bá jẹ́ ọtí ibi àríyá lẹ ń bẹ̀rù, ẹ kọ́ ọmọ yín láti ilé bí a ṣe ń sọ pé rárá pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹni tó mọ ara rẹ̀ kò ní tìjú láti gba omi.

Amru tó fi ọgbọ́n ta ko Jafar gba Ìsìláàmù lẹ́yìn ọdún gbọọrọ. Ànábì kò ní kó pa ọgbọ́n náà tì. Ó rán an lọ jíṣẹ́ fún àwọn ọba Oman, wọ́n sì gba Ìsìláàmù. Ẹ̀bùn ahọ́n kò burú. Ẹni tí a ń fi í sìn ni ká wò.

Kí Ọlọ́hun ṣe àwọn ọmọ wa ní ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn tí ó sì jẹ́ òótọ́. Kó má fi ipò tí yóò pa ẹ̀sìn wa lára dán wa wò. Àmín.