Ẹ má pa baálé ẹja jẹ tán

Bí ìgbà ooru bá ti wọlé ní Minnesota, l'Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, jíjókòó sílé di èèwọ̀. Adágún omi tó wà ní ìpínlẹ̀ náà lé ní 10,000, tọmọdé tàgbà ló sì ń gbé ìwọ̀ àti ekòlò lọ síbẹ̀. Ẹja pẹlẹbẹ kan báyìí tí wọ́n ń pè ní bluegill ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá, ó fara jọ ẹpìyà tiwa. Panfish ni wọ́n ń pe irú ẹ̀, torí odindi ẹ̀ ló ń wọ inú páànù tí wọ́n fi ń dín ẹja.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ẹja yìí ná. Akọ ló ń kọ́lé. Á fi ìrù gbẹ́ kòtò róbótó síbi tí omi ò ti jìn. Bí abo bá yé ẹyin tán, ó bá tiẹ̀ lọ nìyẹn. Akọ ló máa dúró ti ẹyin, táá máa lé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́. Àwọn akọ kéékèèké kan wà ṣá, tí wọn kì í kọ́lé, tí wọn kì í tọ́mọ. Bí baálé bá ń bá abo ṣeré lọ́wọ́ ni wọ́n máa já wọlé, wọ́n á da àtọ̀ tiwọn sórí ẹyin, wọ́n á sá lọ. Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń ṣe bí abo kí baálé má baà fura. Àlè pọ́ńbélé!

Ibi tọ́rọ̀ ti di wàhálà nìyí. Baálé tó ń ṣọ́lé yìí ló máa ń tóbi, òun náà ló sì rọrùn jù láti mú, torí kò ní í kúrò nídìí ọmọ, ohun tó bá sún mọ́ ọn ló ń gé jẹ. Báwọn ńlá bá tán, kò ní í sí àgbà tó máa dí àwọn ọ̀dọ́ akọ lọ́wọ́ mọ́, ni wọ́n á bá bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ ní kékeré. Agbára tó yẹ kí wọ́n fi dàgbà, orí abo ni wọ́n máa ná an sí. Ẹja á kún adágún, èyí tó tó jẹ ò ní í sí.

Ìdí nìyí tí ìjọba Minnesota fi dín iye tẹ́nì kan lè mú lójúmọ́ kù sí 5 tàbí 10 ní ọ̀pọ̀ adágún lọ́dún 2021. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lọ́hùn-ún, ẹ bá wa sọ fún wọn: kí wọ́n gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó ju ìwọ̀ sómi, kí wọ́n mú àwọn tó mọ níwọ̀n, kí wọ́n sì dá àwọn ńláńlá padà. Ẹni tó bá pa baálé jẹ, àlè ló fi ilé lé lọ́wọ́.