Ròyíròyí Ọkàn Kì Í Tú Yìgì
Kò yẹ kí Mùsùlùmí máa sá fún ìyàwó rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù pé òun ti kọ̀ ọ́ nínú ọkàn. Àìsàn ni wasiwasi bẹ́ẹ̀. Ànábì (S.A.W.) kọ́ni pé Ọlọ́hun ṣe àmójúkúrò èrò tí ènìyàn kò sọ jáde, tí kò sì fi ṣiṣẹ́. Yìgì náà kò tú.

Abu Zayd al-Balkhi, onímọ̀ Mùsùlùmí tó kú ní ọdún 934, ti kọ̀wé lórí ròyíròyí ọkàn. Àdúà kò ní kí aláìsàn má lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ: oògùn wà, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú tí ń kọ́ni láti fara da iyèméjì láìtún fátíwà béèrè. Kí ìyàwó má máa tún ìdáhùn kan náà sọ lójoojúmọ́; ńṣe ló ń bọ́ àìsàn. Sùúrù ni kó fi tì í lẹ́yìn.