Ẹ Yọ Orúkọ Kúrò Lórí Àsọtẹ́lẹ̀ Ìràwọ̀

“Ó bá mi mu gẹ́lẹ́!” Ẹ̀rí tí àwọn tó gba awòràwọ̀ gbọ́ máa ń mú wá nìyí. Ẹ̀rí náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ní ọdún 1948, Bertram Forer, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fún akẹ́kọ̀ọ́ 39 ní àbájáde àyẹ̀wò ìwà wọn. Ó ní kí oníkálùkù fi máàkì, láti òdo dé 5, sọ bí ó ṣe bá òun mu tó. Ìpíndọ́gba máàkì wọn lé ní 4. Àṣé ìwé kan náà ni gbogbo wọn gbà! Inú ìwé awòràwọ̀ kan ni Forer ti ṣa ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn òun? Ta ni kì í ṣiyèméjì nígbà mìíràn?

Ti ilẹ̀ Faransé tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Michel Gauquelin polówó àsọtẹ́lẹ̀ ìràwọ̀ ọ̀fẹ́ nínú ìwé ìròyìn, ó sì fi ìwé kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó béèrè. Nínú ọgọ́rùn-ún tó fèsì, 94 ní òdodo ọ̀rọ̀ nípa àwọn ni. Ọjọ́ ìbí ta ni wọ́n fi ṣe ìwé náà? Ti Marcel Petiot ni, dókítà tí wọ́n bẹ́ lórí ní 1946 lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ikú ènìyàn 26.

Wọn á ní ti gbàrọgùdù nìyẹn, pé ògbóǹtarìgì awòràwọ̀ a máa béèrè wákàtí ìbí. Ó dára. Shawn Carlson dán irú wọn wò, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì Nature ní 1985. Àwọn awòràwọ̀ fúnra wọn wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìlànà rẹ̀. Wọ́n fún wọn ní àwòrán ìràwọ̀ ìbí ẹnì kan àti àlàyé ìwà ènìyàn mẹ́ta, kí wọ́n mú ti onítọ̀hún. Wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn yóò gbà á ní ìdajì ìgbà, ó kéré tán. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n gbà, iye tí ọmọdé tí a fi aṣọ dì lójú yóò gbà.

Síbẹ̀, àwọn kan ń fi èyí yan ọkọ, wọ́n ń fi í kọ iṣẹ́. Ẹ̀bi náà kan àwa oníròyìn. A ó lé akọ̀ròyìn tó bá hùmọ̀ ìròyìn, ṣùgbọ́n a ń ya àyè sọ́tọ̀ fún awòràwọ̀, a kì í sì í bi í léèrè nípa èyí tó tàsé.

Kí olóòtú tó bá dá a lójú ṣe èyí: kí ó tẹ àsọtẹ́lẹ̀ méjèèjìlá ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá láìfi orúkọ àmì ìràwọ̀ kankan sí i, kí òǹkàwé mú èyí tó ṣẹ sí i lára, kí wọ́n wá ka iye ẹni tó mú tirẹ̀. Bí ó bá ju ẹnì kan nínú méjìlá lọ dáadáa, tí ó sì ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n ó kọ ọ́ síbí.