Owó oṣù nanny yín kì í ṣe sàráà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní nanny nílé ní Òkè-Ìlá níbí, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá wí lónìí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú.

Gbogbo wa la mọ bí ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n ṣe ń dun ará Èkìtì. Àìmọye bàbá àti ìyá ló ti fẹ̀yìn tì tí wọ́n ṣì ń retí gíráṣúítì. Ní 2016, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ torí owó oṣù tí wọn ò rí gbà. A bú ìjọba, a tún ṣépè. Àwa yìí náà la wá ń sọ fún obìnrin tó ń pọn ọmọ wa láti àárọ̀ kùtù pé kó ṣe sùúrù di oṣù tó ń bọ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni "mò ń bá ẹ tọ́jú ẹ̀". Aládùúgbò mi kan sọ ọ́ lójú mi, kò tijú. Ẹ̀ ń bá a tọ́jú ẹ̀ níbo? Ìwé wo lẹ kọ ọ́ sí? Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lọ, ẹ á bẹ̀rẹ̀ ìṣirò: owó abọ́ tó fọ́, owó oògùn ibà, owó aṣọ Kérésì. Aṣọ tẹ́ ẹ ní ẹ fi ta á lọ́rẹ o!

"Ṣebí ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń sùn nílé wa." Ó ń sùn kẹ̀? Ta lẹ ń jí tí ọmọ bá ké lóru?

Àwọn kan á ní òfin ò mú àwọn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Òfin ₦70,000 ti 2024 yọ ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó 25 sílẹ̀. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ti 2014, ẹni tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè ló di dandan fún: 10% látọwọ́ ọ̀gá, 8% látọwọ́ òṣìṣẹ́. Àmọ́ òfin 2010, tó wà fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, dárúkọ ọmọ-ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí ọ̀gá. 1% owó oṣù ni ọ̀gá ń san fún NSITF. Tẹ́ ẹ bá ń san ₦40,000, ₦400 ni. Omi gbígbóná lè dà sí i lára lọ́la, ₦400 lẹ ń ṣahun sí.

Ní London, nanny tó ti pé ọmọ ọdún 22, tó ń gbà ju £10,000 lọ lọ́dún, dandan ni kí ọ̀gá ẹ̀ fi í sínú pẹ́ńṣọ̀n, kó sì dá tiẹ̀ kún un. Àwọn èèyàn wa níbẹ̀ ń san án, wọn ò kú. Wọ́n á dé Adó ní December, wọ́n á ní ₦30,000 ti pọ̀ jù.

Láti 2019 ni PenCom ti ṣí pẹ́ńṣọ̀n fún oníṣẹ́ ọwọ́, ọlọ́jà àti irú àwọn nanny yìí. Ẹ bá a ṣí i lórúkọ ara ẹ̀, pẹ̀lú NIN ẹ̀. Lórí ₦40,000, kó fi ₦3,200 síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi ₦4,000 kún un látinú àpò yín. Àpò yín ni mo wí o, kì í ṣe kẹ́ ẹ yọ ọ́ nínú owó ẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ ọmọ ọdún 13 lẹ gbà, ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n kọ́ nìyẹn. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ti ní ẹ ò gbọdọ̀. Ẹ dá a padà sílé ìwé.

Ẹ béèrè nọ́ńbà àkáǹtì ẹ̀ lálẹ́ òní. Tiẹ̀ o, kì í ṣe ti ajẹ́ńtì tó mú un wá.