Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé "jẹun dáadáa," ẹ dákẹ́ ná

Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń ka ohun tí àwọn kan ń kọ nípa àwọn obìnrin tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ nítorí kí wọ́n lè fọn. "Ọ̀lẹ ni wọ́n." "Wọ́n lówó, wọn ò ní sùúrù." Ẹnì kan tilẹ̀ ní, ẹni tó fowó ara rẹ̀ ra ebi, kí ebi máa pa á lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi kọ èyí. Àbúrò mi obìnrin wà lára àwọn tí ẹ ń bú, ó sì kù díẹ̀ kí a sin ín lọ́dún tó kọjá. Abẹ kọ́ ló fẹ́ pa á. Àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Òkè òkun níbi tó ń gbé ni wọ́n ti ṣe é fún un. Èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve ni. Dókítà á gé àpòlúkù, ìyẹn àpò tí oúnjẹ máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí, á mú nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kúrò, á sì di ìyókù pọ̀. Ohun tó kù á wá rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Níbi tí àpò náà ti lè gba lítà kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀, kò ní gbà ju ife tíì kékeré kan lọ mọ́. Omi pàápàá, díẹ̀díẹ̀ ni èèyàn á máa mu ún bí ẹni ń tọ́ ọ wò.

Oṣù kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà ló wá sílé fún ìkómọ ní Àjàṣẹ́. Ọmọ Ṣábẹ́ ni ìyá wa, lójú tiwọn, ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé tí kò tíì jẹ iyán kò tíì dé. Wọ́n gbé iyán sílẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀gúsí tì í. Àbúrò mi ní òun ò lè jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé oúnjẹ wa ò dára mọ́ ni?" Gbogbo ilé dákẹ́, wọ́n ń wò ó. Ojú tì í, ó bá jẹ òkèlè márùn-ún.

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí itọ́ fi ń hó lẹ́nu rẹ̀ bí ọṣẹ. Àyà fún un pinpin, ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó ń bì. Kó tó padà wọlé, àwọn obìnrin ilé ti dá ẹjọ́ náà tán. Ọ̀kan ní oyún ni. Èkejì ní "àrùn yẹn" ni, ẹ ò rí bó ṣe rù? Ẹ̀kẹta, tí mi ò ní sọ bó ṣe jẹ́ sí mi, ní irun orí rẹ̀ tó ń já fi hàn pé ẹnì kan ló mú un. Irun máa ń já láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí nítorí pé ara ń yára fọn, ó sì máa ń hù padà. Ṣùgbọ́n ta ló béèrè?

Ibi tí mo ti ń bínú gan-an nìyí. Àwọn àgbà wa sọ pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ di pé oúnjẹ ni oògùn ohun gbogbo: ẹni tó ń sunkún, ẹ fún un lóúnjẹ; ẹni tó ń bì, ẹ fún un lóúnjẹ tó wúwo kí inú rẹ̀ lè dúró. Ẹni tó bá kọ̀ ti kọ̀ wá nìyẹn. A kì í wo ikùn ẹni náà, ojú ara wa là ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iyán ń ṣe nínú irú àpò bẹ́ẹ̀. Iyán ń lẹ̀, ó ń di odidi, kò yára tú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀bà, bẹ́ẹ̀ ni búrẹ́dì tuntun, ìrẹsì náà ń yọ ọ̀pọ̀ lẹ́nu, ẹran adìyẹ gbígbẹ sì burú jù fún àwọn kan. Yóò dúró sí ọ̀nà, itọ́ á máa gun orí rẹ̀, títí ara á fi tì í jáde. Kì í ṣe ìṣe kèéta sí ìyá tó gún un. Ìdí kejì sì wà tí a kì í rò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò ó kéré tán gíráàmù 60 purotéènì lójúmọ́ kí iṣan ara rẹ̀ má baà yọ́ dànù. Ẹyin kan kò ní ju nǹkan bíi gíráàmù mẹ́fà lọ. Bí iyán bá ti gba àyè ife kékeré yẹn tán, níbo ni ẹja àti ẹyin á gbà? Ẹ̀yin tí ẹ ń fi iyán rọ̀ ọ́ pé kó lágbára, ẹ̀yin lẹ ń gba agbára náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ipele ipele ni jíjẹun ń padà bọ̀. Ohun mímu ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ohun tí a lọ̀ kúnná, lẹ́yìn náà ohun tó rọ̀. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó kan oúnjẹ tó le, ibẹ̀ náà sì ni àdánwò ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wọn. Ohun tó gbà lánàá, ó lè kọ̀ ọ́ lónìí. Òórùn epo tó ń dún mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ lè máa rìn ín. Ó gbọ́dọ̀ jẹ díẹ̀, kó rún un dáadáa, kó má mu omi mọ́ oúnjẹ, kó dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó mu. Ìwọ tó jókòó tì í tó ń sọ pé "fi omi tì í," ṣé o gbọ́? Bí ẹ bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, oúnjẹ wà nílé wa: ẹja tí a sè rọ̀, ẹ̀wà tí a lọ̀ tí a bọ́ èèpo rẹ̀, ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó rọ̀, ẹyin, wàrà àwọn Fúlàní, yaourt tí kò ní ṣúgà. Ògì náà dára, ṣùgbọ́n ẹ má da ṣúgà sí i bí ẹni ń ṣe ọdún, ẹ má sì fi sucrerie lé e. Pàápàá fún àwọn tí wọ́n ṣe irú kejì, bypass, tí wọ́n so àpò kékeré mọ́ ìfun, ṣúgà á sáré wọ ìfun, ọkàn á máa lù kìkì, òógùn á bò ó, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e.

Mo padà sọ́dọ̀ àbúrò mi. Lẹ́yìn ọjọ́ ìkómọ yẹn, ó ń bì lójoojúmọ́. Ojú ti tì í, kò fẹ́ kí wọ́n tún pè é ní abirùn, ó bá ń fi ipá jẹun níwájú wọn, ó sì ń bì ní bòókẹ́lẹ́. Ìyá wa gbé àgbo wá. Ẹnì kan mú un lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ó bá dìde, ó ní ohun kan ń di méjì lójú òun, ó bi mí ọjọ́ tí a wà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan. A gbé e lọ sí ibi ìtọ́jú tó wà nítòsí. Ohun tí gbogbo wa ń kígbe pé kí wọ́n fún un ni sérọ́ọ̀mù. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà kan tó béèrè pé, "Ẹ dúró ná, kí ló ń ṣe é látìbẹ̀rẹ̀?" Mo bá tú àṣírí iṣẹ́ abẹ náà.

Fítámì B1 ló ti tán lára rẹ̀. Ara kì í tọ́jú púpọ̀ rẹ̀ pamọ́, ohun tó wà nípamọ́ kì í ju ti ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá ń bì tí kò sì rí jẹ, ọpọlọ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jìyà. Bí wọ́n bá wá fa omi ṣúgà sí i lára láìkọ́kọ́ fún un ní B1, ọ̀rọ̀ náà lè burú sí i, nítorí B1 ni ara ń lò láti jó ṣúgà. Bí wọ́n bá sì pẹ́ jù, ìrántí ẹni náà lè má padà mọ́. Abẹ́rẹ́ B1 ni wọ́n kọ́kọ́ gún un, kí wọ́n tó fa ohunkóhun. Ojú rẹ̀ là lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́ kó tó dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí fún ẹni tí ẹ bá mọ̀: ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí tó wá ń bì lójoojúmọ́, àgbo kọ́, ìsun ìṣọ́ òru kọ́, ilé ìwòsàn ni, kí ẹ sì sọ òótọ́ kí wọ́n tó gbé sérọ́ọ̀mù kọ́. Ó tún lè jẹ́ pé ojú ibi tí wọ́n di pọ̀ ti fún jù. Dókítà lè fi ohun èlò gba ọ̀nà ọ̀fun wọlé láti fẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ní láti mọ̀ ná.

Ní ti ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ yẹn, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Láti 1966 tí Edward Mason ti bẹ̀rẹ̀ bypass ní Iowa ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí. Ìtọ́jú àìsàn ni, fún ẹni tí sísanra ń fa ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti orúnkún dídùn fún. Mo gbà pé àwọn kan wà tí wọ́n lọ ṣe é nítorí fọ́tò, tí kò yẹ kí dókítà kankan fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ bá àwọn yẹn wí bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò máa lo fítámì títí ọjọ́ ikú rẹ̀, tí yóò fi ogún ìṣẹ́jú jẹ ẹyin kan, tí wọ́n ní kó má lóyún fún ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń ka oṣù, ẹ ní ọ̀lẹ ni?

Mo ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ṣe é náà. Ẹ ń purọ́. Ẹ ń sọ fún wa pé omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eré sísá ni. Mo mọ ìdí, ẹnu wa ni ẹ ń bẹ̀rù, ẹ ò sì jẹ̀bi pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé, ẹni tó ń dáná. Bí ìyá wa bá ti mọ̀ ni, wọn ì bá tí gún iyán yẹn fún un. Wọ́n sunkún nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n ní, "Èmi ni mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi pa ọmọ mi?" Kí ẹ sì máa gbé ìwé iṣẹ́ abẹ yín káàkiri, èyí tó sọ irú èyí tí wọ́n ṣe gan-an. Àwọn tó ń ta ìrìn àjò iṣẹ́ abẹ pọ̀ káàkiri: wọ́n á gba owó, wọ́n á gbé ọ lọ, ní ọ̀sẹ̀ kejì o ti wà nílé, kò sì sí ẹni tí yóò gbé fóònù mọ́ bí o bá ń bì. Ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó sanwó: ta ni yóò máa wo ẹ̀jẹ̀ mi ní oṣù kẹta, ní oṣù kẹfà, ní ọdún kan? Bí wọn ò bá lórúkọ tí wọ́n lè dá, ẹ dá owó yín padà sápò. Ẹ̀yin tí ẹ sì ṣe bypass, ẹ má ra ibuprofen lọ́wọ́ àwọn olóògùn ojú pópó nítorí orí fífọ́, ó lè dá egbò sí ojú ibi tí wọ́n so.

Àbúrò mi ń bọ̀ nílé lóṣù kejìlá. Ìyá wa ní àwọn á gún iyán, nítorí àwa ìyókù ṣáà máa jẹun. Ṣùgbọ́n abọ́ kékeré kan wà tí wọ́n ti rà sílẹ̀, ẹja àti ẹ̀wà lílọ̀ ni yóò wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ka ṣíbí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ti gbọ́. Wọ́n ní kò burú.